Ẹ gbà mí o, ìwé wo gan-an ni mo máa kó jọ kí n tó lè fáìlì owó orí mi fúnra mi?

Àdùkẹ́_Ayàwòrán

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí, ẹ má bínú tí ìbéèrè mi bá gùn. Látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ibi iṣẹ́ ló ń yọ owó orí mi lóṣooṣù, mo kàn máa ń rí i lórí payslip pé wọ́n ti yọ ọ́, màá kùn díẹ̀, ó parí. Ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ wá yí padà. Oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ ni mo fi gba owó oṣù, lẹ́yìn náà mo kúrò níbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ara mi, mò ń bá àwọn èèyàn ya àmì ilé iṣẹ́ àti ìwé ìpolówó lórí kọ̀ǹpútà, àwọn oníbàárà kan wà nítòsí, àwọn kan wà lókè òkun. Báyìí èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ kọ ìwé owó orí ọdún yẹn.

Lálẹ́ àná mo kó gbogbo bébà tí mo ní jáde. Ọ̀rá dúdú kan báyìí ló kún fún risíìtì, mo da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó tì í, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti funfun báláú bí ẹni pé wọn ò tẹ nǹkan kan sí i rí, ẹ̀yìn ọ̀kan nìkan ni mo ti rí ibi tí mo fi bírò kọ "íǹkì ìtẹ̀wé" sí, iye owó ti lọ pátápátá. Ibi iṣẹ́ àtijọ́ ńkọ́, mo ti kọ íméèlì sí wọn ẹ̀ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó fèsì.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kí n ní lọ́wọ́? Ṣé àwọn risíìtì tó ti ṣá yẹn ti di ìdọ̀tí nìyẹn? Mo fi fọ́tò àwọn bébà yẹn sí ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ lè bá mi wò ó.

Alábòójútó

Àǹtí Àdùkẹ́, mo ti yọ fọ́tò yẹn kúrò o. Nọ́ńbà owó orí yín àti nọ́ńbà àkáǹtì yín hàn ketekete ní igun ọ̀tún lókè, orúkọ yín náà wà níbẹ̀ ní kíkún. Ohun tí ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá kò ju mẹ́ta yẹn lọ, wọ́n lè fi kọ ìwé owó orí lórúkọ yín kí wọ́n sì gba owó tó yẹ kí wọ́n dá padà fún yín. Ẹ kàn fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀, ó tó.

BàbáÌbejì

Àdùkẹ́ ọmọ mi, kọ́kọ́ kó àwọn risíìtì yẹn sínú páálí kan, má tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe akọ̀wé owó, àṣìṣe tí mo máa ń rí nìyẹn, risíìtì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá wọ̀yá ìjà, á ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé orí owó tó wọlé, owó tó wọlé yẹn sì ni ìjọba fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀ ṣáájú.

Gba statement báńkì ti ọdún yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ ìkẹyìn, gbogbo àkáǹtì tó o ní o, títí dórí èyí tó o ti gbàgbé tí owó táṣẹ́rẹ́ kan ń sùn sí. Oṣù mẹ́ta ò tó, ọdún gbáko ni. Tó o bá rí ibi tẹ̀ ẹ́ jáde, tẹ̀ ẹ́, kó o wá mú bírò àwọ̀ méjì. Gbogbo ìlà tí owó ti wọlé, fi bírò aláwọ̀ ewé fàlà sí i, kó o bi í pé, ìwọ owó yìí, ta ni bàbá ẹ? Tó bá jẹ́ owó oṣù, ibi iṣẹ́ ni bàbá ẹ, ìwé tí wọ́n máa ń kọ lópin ọdún pé a san báyìí fún un, a yọ báyìí fún ìjọba, òun lo máa wá. Tó bá jẹ́ ti oníbàárà, invoice tó o fi ránṣẹ́ ni. Èlé orí owó tó o fi pamọ́, báńkì ló máa kọ ìwé ẹ̀ fún ẹ. Èrè orí ṣíà, ẹni tó ń bá ẹ tọ́jú ṣíà. Tó o bá ń gba owó ilé lọ́wọ́ ẹnì kan, ìwé àdéhùn ẹ̀yin méjèèjì.

Wàá rí àwọn owó kan tí kì í ṣe èrè rárá. Èyí tó o gbé láti àkáǹtì ẹ kan sí òmíràn, èyí tó o yá, èyí tí wọ́n dá padà fún ẹ torí pé ọjà tó o rà ò dáa. Ìyẹn ò sí lára owó tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, àmọ́ má kàn fò ó, kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní ọdún méjì sí i pé kí lèyí, o ò ní rántí, ọmọ mi, má tan ara ẹ.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ o. Statement kì í sọ gbogbo ẹ̀. Tí oníbàárà bá ti yọ owó orí kó tó san fún ẹ, tàbí ìkànnì tó o ti rí iṣẹ́ ti mú tiẹ̀ lórí ẹ̀, ohun tó wọ àkáǹtì ẹ ti dín sí ohun tó o ṣiṣẹ́ fún. Iye tó wà lórí invoice lo máa kọ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí owó tó wọlé, èyí tí wọ́n yọ lo máa wá fi ìwé gbè lẹ́yìn. Àti owó tí wọ́n kà lé ẹ lọ́wọ́, báńkì ò mọ ìyẹn rárá, orí ẹ ló máa mọ̀ ọ́n.

Tó o bá ti ṣe ti owó tó wọlé tán, kó o wá mú bírò pupa fún èyí tó jáde. Ìgbà yẹn la máa ṣí páálí risíìtì.

Jagunlabí

Ẹ̀yin ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre, kó gbé ọ̀rá dúdú yẹn bó ṣe wà fún àkáǹtáńtì, kó lọ sùn 😂

Akọ̀wé_Kékeré

@Jagunlabí èmi ni àkáǹtáńtì tí wọ́n ń gbé ọ̀rá dúdú fún o. Inú mi máa ń dùn gan-an tí mo bá rí i, torí wákàtí ni mo fi ń gbowó. Odindi ọ̀sán ni mo fi máa to risíìtì bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra, màá máa pè yín lórí fóònù pé "ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ rà lóṣù Kẹrin, kí ni?", ẹ̀yin náà ẹ ò ní mọ̀. Ẹni tó bá to ìwé ẹ̀ wá, kò tó wákàtí kan tí mo máa fi ṣe tiẹ̀. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má wá o, mo kàn ní ẹ má fowó yín ṣòfò lórí iṣẹ́ tí ọmọ iléèwé lè ṣe.

Àǹtí, mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Bàbá. Ẹ wá ìwé owó orí ti ọdún tó ṣáájú ìyẹn, tí ẹnikẹ́ni bá ti bá yín kọ ọ́ rí. Ìlà tó bá ti ní nǹkan nínú lọ́dún yẹn, ó ṣeé ṣe kó ní nǹkan nínú lọ́dún yìí náà. Tí èlé báńkì bá wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí ẹ ò wá rí ìwé ẹ̀ lọ́dún yìí, ìwé kan ti sọnù nìyẹn, ẹ lọ wá a. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju àwọn àkọsílẹ̀ ìwé tí wọ́n ń pín kiri lọ, èyí tí wọ́n to orúkọ ìwé tó yẹ kéèyàn ní sí, torí àwọn yẹn máa ní ìlà ọgbọ̀n, márùn-ún péré ló sì lè kàn yín.

Ọmọ_Àjò

Òótọ́ lẹ sọ. Orúkọ lásán ló ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ìwé yẹn kan náà ni. Ti owó oṣù, W-2 ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, T4 ni ní Kánádà, P60 ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n àǹtí, torí pé ẹ kúrò níbi iṣẹ́ láàárín ọdún, ẹ fiyè sí eléyìí: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹni tó ṣì wà níbi iṣẹ́ ní 5 oṣù Kẹrin ni wọ́n ń fún ní P60, ẹni tó ti lọ, P45 ni wọ́n máa ń fún un lọ́jọ́ tó ń lọ. Ní Amẹ́ríkà ní tiwọn, bó o lọ bó o ò lọ, W-2 náà ni, ó sì gbọ́dọ̀ jáde ní ìparí oṣù Kìíní. Ọdún owó orí pàápàá ò bára mu, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rẹ̀ ní 6 oṣù Kẹrin ó ń parí ní 5 oṣù Kẹrin ọdún kejì, torí náà statement tí Bàbá ní kẹ́ ẹ gbà, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ọdún tiyín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ní Amẹ́ríkà níbí, ara mi ò balẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n tètè dá owó mi padà, mo fáìlì ní kété tí W-2 mi dé. Mo ti gbàgbé pé mo ní àkáǹtì kan tí mo ṣí nítorí ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣí i, owó ń so èlé níbẹ̀. 1099-INT ẹ̀, ìwé tí báńkì fi ń sọ iye èlé tí wọ́n san féèyàn, dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo rò pé ìpolówó ni, mi ò ṣí i. Ọdún kejì ni lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní CP2000 bá mi nílé látọ́dọ̀ ọ́fíìsì owó orí, ó sọ pé báńkì ti fi iye báyìí tó wa létí, ìwọ ò kọ ọ́. Iye yẹn ò tó nǹkan o, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo fi máa rí ọ̀rọ̀ yanjú mo ti kọ lẹ́tà méjì, mo san èlé lórí owó orí ti èlé, ẹ gbọ́ ọ bó ṣe rí 😩. Ẹ̀dà kan nínú ìwé tí báńkì àti ọ̀gá yín fi ránṣẹ́ sí yín ti wà lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn ń wò ó bóyá tiyín bá tiwọn mu ni.

Ẹ má sì rò pé tí ìwé ò bá dé, kò sí owó. Ní ọ̀dọ̀ wa báńkì ò pọn dandan kó fi 1099-INT ránṣẹ́ tí èlé ò bá tó 10 dọ́là, èlé yẹn ṣì jẹ́ owó tó wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Ìyá_Fáìlì

Èmi ti risíìtì ni mo bá wá. Àdùkẹ́ mi, ọ̀rá yẹn gan-an ló bà wọ́n jẹ́. Bébà tí ẹ̀rọ kékeré ìsanwó ń lò, kò sí yíǹkì níbẹ̀, ooru ló ń kọ ọ́. Bébà yẹn ní kẹ́míkà lára tó máa ń dúdú tí ooru bá kàn án, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń pa á, ọ̀rá àti ike rírọ̀ ń pa á, òróró ọwọ́ pàápàá ń pa á. Ẹ má fi sínú pọ́ọ̀sì, ẹ má fi sínú ọkọ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á ni kẹ́ ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ sọ fọ́tò náà lórúkọ, ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ ti rà á, ohun tẹ́ ẹ rà.

Àwọn tó ti ṣá, wọn ò tíì di ìdọ̀tí. Ẹ gbé e sí abẹ́ iná títàn dáadáa kẹ́ ẹ yà á, kẹ́ ẹ wá fa dúdú ẹ̀ sókè lórí fóònù, nígbà míì lẹ́tà máa ń yọ padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbé e sórí iná o, mo gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dúdú lẹ́ẹ̀kan náà ni. Tí kò bá yọ, ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọjọ́ àti iye tó wà lórí statement yín, ọ̀pọ̀ ló lè tún òmíràn tẹ̀ fún yín. Ẹ tún wá inú íméèlì yín, ẹ kọ "risíìtì" síbẹ̀ kẹ́ ẹ wo iye tó máa jáde.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: bébà pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ káàdì ń pọ̀ jáde, risíìtì kọ́ nìyẹn. Iye tẹ́ ẹ san nìkan ló wà níbẹ̀, kò sọ ohun tẹ́ ẹ rà. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìwé yín wò á ní báwo lòun ṣe mọ̀ pé íǹkì lẹ rà, tí kì í ṣe bàtà. Ẹ gba méjèèjì.

Àdùkẹ́_Ayàwòrán

Haa, ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á máa bùkún yín. Bàbá, mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bírò méjì o, mo wà ní oṣù Keje báyìí. Mo ti rí ìlà mẹ́ta tí mi ò mọ bàbá wọn 🙈

Mummy, mo ti kó wọn kúrò nínú ọ̀rá, mo fi wọ́n sínú àpò bébà. Mẹ́rin ti yọ padà bẹ́ ẹ ṣe wí.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ibi iṣẹ́ àtijọ́ tí kò dá mi lóhùn ńkọ́? Ìkejì, oníbàárà mi kan lókè òkun yọ nǹkan lára owó mi kó tó san án, ó ní owó orí ìlú tòun ni, dọ́là ló sì fi ń san.

Akọ̀wé_Kékeré

Ti ibi iṣẹ́, ẹ wá payslip tẹ́ ẹ gbà kẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ tàbí apá ọ̀tún, ọ̀pọ̀ ló ní ibi tí wọ́n ti kọ àpapọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, owó oṣù, owó orí, owó ìfẹ̀yìntì. Tí àpapọ̀ yẹn bá wà, ẹ ti rí nǹkan dì mú nìyẹn. Ẹ wá kọ lẹ́tà gidi sí wọn, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀ kan, kẹ́ ẹ sì bi ọ́fíìsì owó orí léèrè, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ní ohun tí ọ̀gá yín fi ránṣẹ́ lórí ìkànnì wọn, ẹ á kàn wọlé síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ní Amẹ́ríkà fún àpẹẹrẹ, IRS, ọ́fíìsì owó orí ìjọba wọn, máa ń fi àkópọ̀ yẹn sínú àkáǹtì ẹni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní Form 4852 fún ẹni tí W-2 ẹ̀ ò dé rárá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi payslip kọ ọ́, tí ìwé gidi wá dé tí iye ò sì bára mu, ẹ gbọ́dọ̀ tún un kọ.

Ti oníbàárà òkè òkun, ẹ bi í fún ìwé ẹ̀rí pé ó yọ owó yẹn, pé ó sì san án fún ìjọba ìlú ẹ̀. Kì í ṣe íméèlì tó sọ pé "a yọ ọ́", ìwé tó ní orúkọ yín, iye, ọjọ́, àti nọ́ńbà owó orí tiẹ̀. Àwọn ìlú púpọ̀ ló máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ yọ ohun tẹ́ ẹ ti san níbòmíràn kúrò nínú tilé, kẹ́ ẹ má bàa san lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ láìsí ìwé yẹn, ẹ gbà pé owó yẹn ti lọ. Èmi gan-an ti rí ẹni tó pàdánù ẹ̀ torí pé ó ń tijú láti béèrè lọ́wọ́ oníbàárà.

Ti dọ́là, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo owó tó wọlé, ẹ kọ ọjọ́ tó wọlé àti iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe iye tòní. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì owó orí tiyín irú iye tí wọ́n fẹ́, àwọn kan máa ń gba ti ọjọ́ náà, àwọn kan ní ìpíndọ́gba ọdún tí wọ́n ń gbé jáde.

BàbáÌbejì

Ó kú iṣẹ́, akọ̀wé. Àdùkẹ́, torí pé ilé lo ti ń ṣiṣẹ́, bírò pupa ẹ máa kan iná mànàmáná, íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù. Má kọ gbogbo ẹ̀ o. O ń fi fóònù yẹn pe oníbàárà, o sì ń fi pe ọ̀rẹ́ ẹ. Kọ bí ìpín ti iṣẹ́ ṣe tó àti bó o ṣe ṣírò ẹ̀, kó o fi bébà yẹn sínú fáìlì. Ẹni tó bá kọ pé gbogbo dátà ilé òun iṣẹ́ ló fi ṣe, òun fúnra ẹ̀ ló ń pè wọ́n kí wọ́n wá yẹ òun wò.

Kọ̀ǹpútà tó o rà, má jẹ́ kí risíìtì ẹ̀ sọnù rárá. Níbi púpọ̀ nǹkan ńlá báyìí, ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n ń pín iye ẹ̀ sí, torí náà risíìtì ọdún yìí lo ṣì máa lò lọ́dún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣíà, tó o bá rà á lónìí tó o tà á ní ọdún mẹ́wàá, iye tó o rà á ni wọ́n máa fi mọ èrè ẹ.

Jagunlabí

Ọdún mẹ́wàá ke? Ẹ jọ̀ọ́ ọdún mélòó ni kí èèyàn máa gbé bébà kiri?

Ọmọ_Àjò

@Jagunlabí ó dọwọ́ ìlú tó o wà. Ní Amẹ́ríkà ọdún mẹ́ta ni fún ohun tó wọ́pọ̀, Kánádà ní ọdún mẹ́fà, oníṣẹ́ ara ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún márùn-ún lẹ́yìn 31 oṣù Kìíní tó yẹ kó fáìlì. Fọ́tò ò gba àyè, ya gbogbo ẹ̀, fi sí ibi méjì.

Àǹtí, ẹ wo ọjọ́ ìparí tiyín náà. Nàìjíríà 31 oṣù Kẹta, Amẹ́ríkà 15 oṣù Kẹrin, Kánádà 30 oṣù Kẹrin. Tí ìwé kan bá pẹ́, àwọn ibì kan máa ń fúnni ní àfikún ọjọ́, ní Amẹ́ríkà Form 4868 máa gbé e dé 15 oṣù Kẹwàá. Ṣùgbọ́n àfikún yẹn, ti ìwé ni, kì í ṣe ti owó. Owó ṣì gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ṣírò ohun tẹ́ ẹ rò pé ó jẹ́ kẹ́ ẹ san án.

Ìyá_Fáìlì

Kí n má gbàgbé, orúkọ. Tẹ́ ẹ bá ti ṣègbéyàwó tẹ́ ẹ yí orúkọ padà, ẹ rí i pé èyí tó wà lórí nọ́ńbà owó orí yín ló wà lórí ìwé yìí. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọmọ sí i, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ náà àti ọjọ́ ìbí ẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Kẹ́ ẹ sì ka nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n máa dá owó padà sí lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ kà á sókè.

Àdùkẹ́_Ayàwòrán

Mo ti parí statement o! Nínú àwọn ìlà mẹ́ta tí mi ò mọ bàbá wọn, mo ti rí méjì. Ọ̀kan jẹ́ èlé báńkì. Ìkejì, ẹ má rẹ́rìn-ín, oníbàárà kan tí mo ti ń bú látọdún tó kọjá pé kò san gbèsè ẹ̀, ó ti san án látoṣù Kẹsàn-án, orúkọ ìyàwó ẹ̀ ló fi san án. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí i báyìí kí n tó padà sídìí ìlà kẹta.